Ibi Tí Wọn Kò Ti Ní Pè É Ní Ìyàwó

Ó lé ní ọdún mọ́kànlá tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àrìnkẹ́, ti wà nílé ọkọ ní Ìkòsì kí ó tó la ẹnu sọ pé òun fẹ́ nǹkan kan fún ara òun. Nígbà tí ó sì máa sọ ọ́, ó ní òtẹ́ẹ̀lì ni òun fẹ́ lọ sùn.

N ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀, nítorí àwọn tó gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà kò dúró gbọ́ ìdí kankan.

Aránṣọ ni Àrìnkẹ́. Ifákọ̀ ni wọ́n ti bí wa, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí Ìkòsì, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti sìn ín dé agbo ilé Sàláwù ni orúkọ rẹ̀ ti sọnù. Ìyàwó ni gbogbo wọn ń pè é. Kì í ṣe àwọn àgbà nìkan. Ọmọ kan wà tó ń rá kòrò nínú agbo ilé náà lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wọlé. Ọmọ yìí bá a nílé, nítorí náà ọkọ rẹ̀ ni. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìlá báyìí, bó bá sì ti ilé ìwé dé, láti ẹnu ọ̀nà ni yóò ti máa pariwo pé, "Ìyàwó, oúnjẹ mi dà?" Àrìnkẹ́ kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. "Akọ̀wé mi" ló ń pè é. Ó ní Akọ̀wé, ó ní Ayílukọ, ó ní Baálẹ̀ Kékeré, ó sì ń se oúnjẹ fún gbogbo wọn.

Mi ò sọ pé wọ́n burú sí i. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ohun tó sì mú ọ̀rọ̀ náà le nìyẹn, nítorí báwo ni ènìyàn ṣe fẹ́ bínú sí ẹni tó ń pè é tìfẹ́tìfẹ́? Bó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, "Ìyàwó, bá mi bu omi." Bó bá ki ọwọ́ bọ oúnjẹ, "Ìyàwó, wo iná yẹn." Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo lọ kí i, mo ka iye ìgbà tí wọ́n pè é kí ó tó jẹ ẹ̀bà kan tán. Ìgbà méje ni. Ẹ̀bà náà ti gan kí ó tó dé ìdí àwo.

Bó bá wá rìnrìn àjò ńkọ́? Ìyẹn ló burú jù. Ní Ṣágámù, nílé àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀, kò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n fi gbé ọmọ odó lé e lọ́wọ́. Ní Ìkòròdú, kò jókòó ju ìgbà tí ènìyàn fi ń mu omi lọ. Ní Èpé, wọ́n ní kó sinmi. Ó sinmi. Ni ìyá ilé náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwo fúnra rẹ̀, tó ń mí kanlẹ̀ lórí àwo kọ̀ọ̀kan, títí Àrìnkẹ́ fi dìde gba kànìnkànìn lọ́wọ́ rẹ̀. Ibikíbi tí ọkọ bá ti ní ará, iṣẹ́ ti ń dúró de ìyàwó níbẹ̀.

Lọ́dún 1957, wọ́n fún Sùrájù ọkọ rẹ̀, bàbá Ṣákírù ọmọ rẹ̀, ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan níbi iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe títì ló ń bá ṣiṣẹ́. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í jà, ó sì mọ̀ pé ó ti rẹ ìyàwó òun. Ó bi í pé ibo ni ó fẹ́ kí àwọn lọ.

"Ìbàdàn," ni Àrìnkẹ́ wí. "Mo fẹ́ rí Yunifásítì."

Àwòrán Yunifásítì náà wà lára kàlẹ́ńdà kan tó so mọ́ òkè ẹ̀rọ rẹ̀, ilé gogoro kan tó ní aago lórí, pẹ̀lú koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ bí irun orí. Sùrájù ronú títí.

"Ṣùgbọ́n ta la ní ní Ìbàdàn? A ní ènìyàn ní Abẹ́òkúta, a ní ènìyàn ní Ìjẹ̀bú-Òde. A ò ní ẹnì kankan ní Ìbàdàn."

"Mo mọ̀, Bàbá Ṣákírù," ni Àrìnkẹ́ dáhùn. "Òtẹ́ẹ̀lì la máa sùn."

Ní Kétu, àdúgbò tí Ìkòsì wà, òtẹ́ẹ̀lì méjì nígbà náà ni ènìyàn mọ̀. Ọ̀kan ni abẹ́ páànù níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń jẹ ìrẹsì. Èkejì ni ilé tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀, tí àwọn obìnrin tí kò lọ́kọ gba yàrá sí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí ìyá Sùrájù, Ìyá Àgbà Sìlífátù, ó ránṣẹ́ pè wọ́n. Mo wà níbẹ̀, nítorí Àrìnkẹ́ ní kí n wá.

"Sùrájù, mo gbọ́ pé o fẹ́ mú ìyàwó wa lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. Kí ló fẹ́ lọ tà níbẹ̀?"

"Màámi, kì í ṣe irú tibí. Ti àwọn olówó ni."

"Àwọn olówó náà ló ń lọ sí irú tibí."

Àrìnkẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi eyín tẹ ètè, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń gbé mì ni tàbí ẹkún.

"Màámi," ni ó wí, "ẹ jẹ́ kí àbúrò mi bá wa wá èyí tó dára. Tíṣà ni. Kò ní mú wa lọ síbi àbùkù."

Ìyá Àgbà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Èyí tí kò tíì fẹ́yàwó yìí? Òun ló mọ òtẹ́ẹ̀lì?"

Bí ó ṣe di pé èmi ni mo yan ilé náà nìyẹn, bí mo bá sì rántí rẹ̀ títí di òní, inú mi kì í dùn.

Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan tó kàwé ní Ìbàdàn fún mi ní àdírẹ́sì mẹ́ta, mo sì kọ lẹ́tà sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdáhùn kìíní wá láti ilé kan tí àwọn òyìnbó ń dé sí. Ìlà kan péré ni: àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá wà lẹ́nu ìrìn àjò iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń gbà. Mo bínú fún ọjọ́ mẹ́ta. Àrìnkẹ́ kò bínú. Ó ní, "Wọ́n kúkú dáhùn."

Èkejì wà nítòsí ilé ọkọ̀ ojú irin. Mo ka lẹ́tà rẹ̀ fún un níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ: fáànù wà lókè yàrá, omi gbígbóná wà, omi tútù wà, nẹ́ẹ̀tì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọn a sì máa lu orin ní alẹ́ Sátidé. Mo rò pé ti omi gbígbóná ni yóò béèrè.

"Níbo ni ilé ìdáná wọn wà?"

Mo ní lẹ́tà kò sọ ọ́.

"Ta ló ni ilé náà?"

"Ará Síríà kan ni."

Ojú rẹ̀ là. Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Ará Síríà," ni ó wí, ó tún wí i lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni ń tọ́ oyin lá. "Ibi yòówù kí ọkọ mi fi ẹnu gbà, kò lè bá ará Síríà tan. Kọ̀wé sí i."

Mo ti kọ ọ́ tán, mo ti fi itọ́ lẹ̀ ẹ́, kí Sùrájù tó wọlé. Ó kí mi, ó jókòó, ó ní kí n ka lẹ́tà ilé ará Síríà fún òun náà. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa.

"Ta ló ń pa ẹran fún wọn?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Ṣé wọ́n ń ta ọtí?"

Mo ní bóyá ni wọn ò tà á.

Ó ká lẹ́tà náà, ó fi í lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Màámi yóò bi mí, n kò sì ní lè purọ́ fún wọn. Jọ̀wọ́, àbúrò mi, wo ìkẹta."

Ìkẹta ni Ilé Ìrọ̀rùn, ní Mọ́kọ́lá. Obìnrin opó kan ló ni ín, Ìyáàfin Àyànbọ́lá. Kò ta ọtí. Mùsùlùmí ló ń pa ẹran fún un. Yàrá mẹ́jọ ló wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ omi wà nínú ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ bá àlejò nínú yàrá, ilé ìdáná sì wà ní ẹ̀yìnkùlé lọ́tọ̀, kí èéfín má baà yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun gbogbo tí a fẹ́ ló wà níbẹ̀. Sùrájù fọwọ́ sí i.

"Àyànbọ́lá," ni Àrìnkẹ́ wí. "Ará ibo ni?"

"Ará Ìbàdàn ni," ni mo dá a lóhùn. N kò mọ̀. Mo kàn sọ ọ́ ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, ọkọ rẹ̀ kò sì já a nírọ́.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dé Ìbàdàn, lẹ́yìn tí oòrùn ti kọjá àtàrí. Ilé náà mọ́ ju bí lẹ́tà ti wí lọ. Àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ pákó tí wọ́n fi epo pa. Aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì funfun, wọ́n sì ti nà án débi pé Àrìnkẹ́ kò fẹ́ fìdí kàn án. Ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó tì í, ó tún ṣí i. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun kan ilẹ̀kùn, ó tẹrí ba.

"Mádáàmù, kí ni kí n gbé wá fún yín?"

Àrìnkẹ́ bojú wẹ̀yìn wò kí ó tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé ohun tó bá tutù wá. Wọ́n gbé omi ọsàn wẹ́wẹ́ wá nínú gíláàsì gíga, yìnyín ń ró nínú rẹ̀. Ó gbé àga lọ sí fàráńdà, ó bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ lé sìmẹ́ǹtì tútù, ó ń wo orí páànù Ìbàdàn tó pupa lọ rẹrẹ bí ilẹ̀ oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí. Sùrájù ti sọ̀ kalẹ̀ lọ kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Kò sí ẹni tó pe Àrìnkẹ́. Ó ní ohun tó ya òun lẹ́nu ni pé òun ń gbọ́ bí òun ṣe ń mí.

Kò mu ún dé ìdajì tó fi gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ nísàlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ́mì. Ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ilé yìí dára. Ẹ̀yin ńkọ́, ọmọ ibo ni yín?"

Ó ní òun gbé gíláàsì kúrò lẹ́nu.

"Ìbàdàn níbí náà ni," ni ohùn obìnrin àgbà kan dáhùn. "Mo rí i lára ìwé tí ẹ kọ pé Ìkòsì lẹ ti wá. Ìyá ìyá mi, wọ́n ní Ìkòsì ni wọ́n ti mú un wá."

"Ìkòsì! Ìkòsì wo?"

"Èyí tó wà lọ́nà Ẹ̀jìrìn kọ́?"

Àrìnkẹ́ di gíláàsì rẹ̀ mú. Ìkòsì tó wà lọ́nà Ẹ̀jìrìn, lápá Èpé lọ́hùn-ún, kò bá tiwa tan rárá. Bí Sùrájù bá lè sọ pé, "Háà, kì í ṣe tiwa nìyẹn," kí ó sì gba kọ́kọ́rọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Ó gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ dákẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

"Ti Ẹ̀jìrìn," ni Sùrájù wí. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n, Mọ́mì, ṣé wọn kì í dárúkọ ibì kan tó sún mọ́ ọn nígbà tí wọ́n wà láyé?"

Kí ló kàn án? Ohun tí mo máa ń bi ara mi nìyẹn. Obìnrin náà ti gbà pé Ẹ̀jìrìn ni.

"Wọn a máa dárúkọ odò," ni obìnrin náà wí. "Wọn a máa ní bàbá wọn ń fi ọkọ̀ kó igi gba Agbóyì."

"Agbóyì! Tiwa ni. Ti Kétu nìyẹn, Mọ́mì. Kí ni orúkọ bàbá wọn?"

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn òkú lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pe ọ̀kan, kò bá ara mu. Wọ́n pe èkejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara mu. Àrìnkẹ́ ń gbọ́ wọn lókè, bí ẹni ń gbọ́ tí ẹsẹ̀ ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí wọ́n dé orúkọ kẹrin, ó gbọ́ tí obìnrin náà pàtẹ́wọ́, ó gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbì lórí ilẹ̀ pákó. Ìyá ìyá obìnrin náà àti bàbá bàbá Sùrájù, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

"Ìyàwó wa dà?" ni ohùn náà wí.

Àrìnkẹ́ mu ìyókù omi ọsàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó wọ bàtà, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ kúnlẹ̀.

Ìyáàfin Àyànbọ́lá dì mọ́ ọn, ó sunkún díẹ̀. Ó ní ọdún márùn-ún-dín-lógójì rèé tí òun ti ń bẹ Ọlọ́run kí òun rí ará ilé ìyá ìyá òun. Lẹ́yìn náà ló pe ọkùnrin aláṣọ funfun.

"Bá wọn kó ẹrù wọn kúrò lókè. Ibi tí àwọn ará ìta ń sùn kọ́ lẹ̀jẹ̀ mi máa sùn. Kó o wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìnkùlé."

Sùrájù ń rẹ́rìn-ín, omi wà lójú rẹ̀. Àrìnkẹ́ wo àtẹ̀gùn tí wọ́n fi epo pa náà bí ẹrù wọn ṣe ń gbà á sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀dọ̀ Mọ́mì lẹ́yìnkùlé jẹ́ yàrá méjì, ilé ìdáná sì ni ògiri kejì. Èéfín tí wọ́n ní kò ní yọ àlejò lẹ́nu, ojú fèrèsé wọn ló ń gbà.

"Àfi bí ẹni pé Ọlọ́run ló rán ọ," ni Mọ́mì wí fún un nígbà tó di ìrọ̀lẹ́. "Kúùkù mi lọ sin bàbá rẹ̀ ní Ọ̀fà, gbogbo yàrá ló sì kún. Ìyàwó, ṣé o lè bá mi wo ọbẹ̀ yẹn?"

Ó wo ọbẹ̀. Ó din dòdò fún yàrá mẹ́jọ. Ọkùnrin aláṣọ funfun náà wá síbi iná lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti wá gbé oúnjẹ, ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó ní, "Ìyàwó, ti yàrá keje ń fẹ́ iyọ̀ sí i." Yàrá keje ni wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Ó ní òun fún un ní iyọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ Mọ́mì fi ọkọ̀ gbé Sùrájù lọ wo Yunifásítì. Àwọn ènìyàn ìyá Mọ́mì kan ń bọ̀ wá kí àwọn ará Ìkòsì, wọn yóò sì jẹun. Sùrájù ní kí àwọn jọ lọ.

"Ó máa rí i lọ́la," ni Mọ́mì wí. "Ilé náà ò ní sá lọ."

Sùrájù wo ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ni Mọ́mì jẹ́ fún un, ọjọ́ kejì tí wọ́n mọra sì ni. Ó wọ ọkọ̀. Nígbà tó dé, ó ń sọ nípa aago orí ilé gogoro, ó ń fi ọwọ́ júwe bó ṣe ga tó. Àrìnkẹ́ ń bó iṣu. Kò gbójú sókè.

Lọ́jọ́ Àìkú, kí àwọn yòókù tó jí dáadáa, ó ti wẹ̀, ó ti wọ búbà aláwọ̀ ewé tó rán nítorí ìrìn àjò náà. Mọ́mì bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó, ibo nìyẹn? Omi tíì àwọn àlejò ti hó."

"Ẹ kú ojúmọ́, Mọ́mì," ni Àrìnkẹ́ wí, ó kúnlẹ̀ dáadáa. "Mò ń jáde." Ó dìde, ó jáde. Ó ní òun kò tíì sọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òun níyàwó, pé òun ń jáde, kí òun má sì sọ ibi tí òun ń lọ.

Ó wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀yọ́, ó ní kí wọ́n já òun sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Yunifásítì. Ó rìn wọlé. Kò sí ẹni tó dá a dúró. Koríko náà rí bí ó ti rí lára kàlẹ́ńdà, ilé gogoro náà sì ga ju bí Sùrájù ti fi ọwọ́ júwe rẹ̀ lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá pẹ̀lú ìwé lábẹ́ apá, ọkùnrin àti obìnrin, wọn kò wò ó. Ó rí ìjókòó kan lábẹ́ igi, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí i. Bí ó ṣe ṣírò rẹ̀ fún mi, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi jókòó, nítorí ó ń wo aago náà.

Ọkùnrin àgbà kan tó ń fi àdá gé etí koríko sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó nà ró.

"Ẹ kú ìjókòó, Mádáàmù."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá."

"Ẹ wá kí ọmọ ni?"

"Rárá o. Mo wá wo ibí ni."

"Ó dáa o." Ó nu àdá rẹ̀. "Ọmọ ibo ni yín?"

Àrìnkẹ́ ronú jinlẹ̀. Ó wá ìlú tó jìnnà jù lọ tí òun lè pè, tí ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé Sàláwù kò dé rí.

"Ọ̀wọ̀," ni ó wí.

Ojú bàbá náà tàn. Ó fi àdá ti ara igi. "Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti bí ìyá mi. Àdúgbò wo ni yín?"

Ó dìde, ó gbọn ìdí ìró rẹ̀, ó ní kí bàbá má bínú, ọkọ̀ ń dúró de òun. Kò sí ọkọ̀ kankan tó ń dúró dè é. Ó fi ẹsẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà náà padà dé Mọ́kọ́lá nínú oòrùn.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n wọ ọkọ̀ padà. Mọ́mì di iṣu mẹ́fà àti gààrí fún wọn, ó sunkún, ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ máa wá lọ́dọọdún, òun kò tún ní gbà kí wọ́n dé sí ibòmíràn ní Ìbàdàn láéláé. Sùrájù ní bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, iṣu wà láàárín wọn. Àrìnkẹ́ kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi fi ìlú sílẹ̀, kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi sún mọ́ Ṣágámù. Sùrájù, tí kì í jà, kò lè fara dà á mọ́.

"Ìyá Ṣákírù, mo bẹ̀ ọ́. Kí ni mo ṣe gan-an? Mi ò bú wọn. Mi ò bú ọ. Inú gbogbo ayé dùn. Kí ni mo ṣe?"

Àrìnkẹ́ ń wo igbó tó ń sá kọjá.

"Ẹ kí wọn ni," ni ó wí.

Ó ní ọkọ òun ń ronú lórí rẹ̀ títí wọ́n fi dé Ìkòròdú, ó ń mi orí bí ẹni tí wọ́n fún ní ìṣirò tí kò lójútùú. Nígbà tí wọ́n sì dé Ìkòsì, tí àwọn ará ilé tú síta wá pàdé wọn, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Màámi, ẹ ò ní gbà gbọ́. A ní ènìyàn ní Ìbàdàn."